Àgò Onílé

Ní ọdún 1966, nígbà tí òjò ti wọlẹ̀ dáadáa, Akínladé kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ kúrò nínú yàrá tí wọ́n háyà ní Limawa nílùú Minna, ó kó wọn lọ sínú ilé kan ní Sauka Kahuta tí kò tíì di tirẹ̀.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni Akínladé, tíṣà ni ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Minna. Yéwándé ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ. Minna ni wọ́n bí Tóyìn ọmọ wọn sí, Hausa sì dán lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ. Ó ti pẹ́ tí Akínladé ti ń wá ilé ti ara rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń gbé ilé onílé, ó sì ti sú u kí ẹlòmíràn máa bá ọmọ rẹ̀ wí nítorí pé ó da omi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọ́fíìsì kan wà ní Kàdúná láyé ìgbà náà tó máa ń yá òṣìṣẹ́ lówó ra ilé. Àwọn ni yóò san owó fún ẹni tó ń ta ilé, wọn á sì di ìwé ilé náà mú títí ẹni tó rà á yóò fi san gbèsè rẹ̀ tán díẹ̀díẹ̀. Akínladé ti kọ̀wé sí wọn. Èsì tí wọ́n fún un ni pé kó máa retí alábẹ̀wò tí yóò wá yẹ ilé náà wò, àti pé onílé fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà láti fọwọ́ síwèé. Wọn ò sọ ìgbà tí alábẹ̀wò yóò dé.

Ọ̀gbẹ́ni Ezenwa ló ni ilé náà. Ọmọ Ìbò ni, gáàdì ni lórí ọkọ̀ ojú irin tó ń kẹ́rù. Ó ga, ó sì rọra ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bàtà iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kan irin mọ́ nídìí a máa dún kò-kò-kò kí ojú tó rí i. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Ọ̀ffà rí, Yorùbá sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu débi pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n a máa bi í pé agboolé wo ló ti wá. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ọmọ Ìbò ní Òkè Ọya ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ó kó ìyàwó rẹ̀ àti Obi àkọ́bí wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ yòókù sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú wọn. Ó ní òun á ta ilé, òun á sì tẹ̀ lé wọn.

Òun gan-an ló ní kí wọ́n kó wọlé. Onílé wọn ní Limawa fẹ́ gba yàrá rẹ̀ padà fún ọmọ rẹ̀ tó ń gbéyàwó, Akínladé sì lọ sọ ọ́ fún Ezenwa bí ẹni ń ro ẹjọ́.

"Ṣé ìyẹn náà lẹ wá ń dárò lé lórí, tíṣà?" Ezenwa wí. "Ẹ kó wọlé. Ilé tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀, ejò ní í gbé e. Màá lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kọ́tà rélùwéè títí Kàdúná yóò fi dáhùn."

"Ṣùgbọ́n owó yín ò tíì jáde, Bàbá Obi."

"Yóò jáde. Àwọn Hausa ní kéèyàn sọ̀kalẹ̀ níbí kó sinmi, òun ni wọ́n fi sọ àdúgbò yìí lórúkọ. Èmi ti sinmi tó. Ó kàn yín."

Bí wọ́n ṣe kó ẹrù sórí ọmọlanke nìyẹn. Ẹ̀rọ ìránṣọ Yéwándé ló wọlé ṣáájú. Yàrá mẹ́ta ni ilé náà ní, pẹ̀lú pálọ̀ àti dàkálì amọ̀ níwájú tí èèyàn lè jókòó lé. Ìyá Obi ti gbá gbogbo rẹ̀ mọ́ kó tó lọ, ṣùgbọ́n òórùn ọbẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lára ògiri ilé ìdáná, ó sì fi àwòrán Màríà Wúńdíá sílẹ̀ lókè ilẹ̀kùn pálọ̀. Yéwándé wò ó títí. Onítẹ̀bọmi ni wọ́n, irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í gbé ilé wọn.

"Ká yọ ọ́?" ó bi ọkọ rẹ̀.

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Bí ìwé bá ti dé, a ó yọ ọ́."

Ezenwa a máa yà síbẹ̀ lọ́sàn-án, bí kò bá bá ọkọ̀ lọ. Kì í kàn wọlé. Yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà, yóò sì kágò bí ọmọ Yorùbá:

"Àgò onílé o!"

Yéwándé á bú sẹ́rìn-ín. "Ta wá lonílé nínú wa, Bàbá Obi?"

"Ẹ̀yin ni. Èmi ti di àlejò. Ṣé àgò yà?"

"Àgò yà, ẹ wọlé."

Yóò jókòó sórí dàkálì, yóò mu omi, yóò bá Tóyìn ṣeré ní Hausa, yóò sì yí ilé po lẹ́ẹ̀kan bí ẹni ń wo ọmọ tó ń sùn. Kò ní pẹ́, yóò lọ. Nígbà tó yá, Yéwándé a máa bu omi sílẹ̀ dè é bí oòrùn bá ti kàn tàrí.

Bí oṣù kẹjọ ṣe ń parí lọ, Ezenwa dé lọ́jọ́ kan, kò mu omi. Ó ní ìròyìn tí òun ń gbọ́ lójú ọ̀nà irin kò dára, òun fẹ́ máa lọ sílé.

Akínladé dìde lórí àga. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró díẹ̀. Alábẹ̀wò lè dé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí kò bá bá yín, gbogbo ọ̀rọ̀ yìí á padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà á sì lọ lọ́wọ́ òfo."

Ezenwa wo apá ibi tí ọ̀nà irin gbà.

"Ó dáa, tíṣà," ó wí. "Nítorí tiyín."

Òjò ti fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí wàhálà náà dé Minna. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Akínladé wà níwájú kíláàsì nígbà tí ariwo ta láti apá ọjà, èéfín sì tẹ̀ lé e. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní kí ọmọ kálukú máa lọ sílé. Akínladé sáré dé Sauka Kahuta, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi òpó igi gbé e lẹ́yìn, ó sì kó Yéwándé àti Tóyìn jókòó sílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé. Ariwo ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbà mìíràn gbogbo rẹ̀ á dákẹ́ débi pé wọ́n ń gbọ́ àdìẹ tó ń tú ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ bàtà náà. Kò rìn bó ti máa ń rìn. Ó ń sáré, ó dúró, ó tún ń sáré. Ó dé ẹnu ọ̀nà.

"Àgò onílé."

Ohùn náà kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Yéwándé dìde. Akínladé di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Jókòó," ó sọ sí i létí. "Bí wọ́n bá bá a lọ́dọ̀ wa, wọn ò ní dá ẹnì kankan sí."

"Tíṣà," ohùn náà wí lẹ́nu ọ̀nà. "Èmi ni. Màmá Tóyìn, èmi ni."

Tóyìn mọ ohùn yẹn. Ó la ẹnu láti dáhùn, Yéwándé sì fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é; kì í ṣe Akínladé ló ní kó ṣe é. Wọ́n gbọ́ tí ẹnì kan fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀kùn, kò gbá a, ó kàn gbé ọwọ́ lé e. Lẹ́yìn náà, bàtà náà yí padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé, ó lọ.

Kò sí ẹni tó tún rí Ezenwa ní Minna. Kọ́tà rélùwéè tó ń gbé ti ṣófo nígbà tí Akínladé lọ wò ó. Àwọn kan ní ó bá ọkọ̀ tó kó àwọn èèyàn wọn lọ. Àwọn mìíràn kàn mi orí.

Àlúfáà Sàláhúdéènì, ará Ìlọrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní agboolé kejì, wá kí wọn lẹ́yìn tí ìlú rọlẹ̀. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ó fi ìdílé ọmọ Ìbò kan pamọ́ sáàárín àwọn ọmọ kéwú rẹ̀, tó wọ̀ wọ́n láṣọ bíi tiwọn, tó sì bá àwọn ọlọ́pàá sìn wọ́n dé ibùdókọ̀ ojú irin. Kò sọ èyí. Ó kàn dúró, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀.

"Ọkùnrin gíga yẹn ńkọ́, onílé yín? Mò ń retí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò yà sọ́dọ̀ mi. Ṣé ó wá síbí?"

"Rárá o, Àlúfáà," ni Akínladé wí.

Yéwándé ń wo ilẹ̀.

Ọyẹ́ dé. Ó gbẹ ewéko, ó la ètè, ó sì bu erùpẹ̀ bo gbogbo nǹkan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Yéwándé nìkan ló wà nílé, ó ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó gbọ́ kò-kò-kò láti ẹ̀gbẹ́ ilé. Ó dá ẹ̀rọ dúró. Bàtà náà dé ẹnu ọ̀nà.

"Àgò onílé."

Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Ó rò pé ó yè, pé ó padà wá. Ó fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ dì mú lọ́jọ́ wàhálà náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún bí ẹni pé wọ́n tún dì í mú. Kò lè dìde. Ohùn náà kò tún sọ̀rọ̀. Ọwọ́ kan fara lé ilẹ̀kùn, bàtà náà sì gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ. Nígbà tí ara rẹ̀ wá sílẹ̀, tó yọjú síta, kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan lórí erùpẹ̀ tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá. Kì í ṣe ojoojúmọ́. Bí ilé bá ti pa rọ́rọ́, tí oòrùn kàn tàrí, Yéwándé á mọ̀ pé ó ti ń bọ̀. Ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Sàlíhátù, ìyàwó Àlúfáà, ó ní iná oòrùn kò jẹ́ kí òun ríran lọ́dọ̀ tòun. Lọ́jọ́ kan Tóyìn ń jẹun, ó gbé ojú sókè.

"Mama, yana waje," ó wí.

"Ta ló wà níta?"

"Baban Obi. Ṣé ẹ ò ní ṣílẹ̀kùn fún un ni?"

Nígbà tí Yéwándé sọ ọ́ fún Akínladé, ìyẹn ní afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ni, pé páànù ló ń dún. Ó ṣe tán, kì í sí nílé lọ́sàn-án. Àfi ọjọ́ Sátidé kan tó ń fá irùngbọ̀n níwájú dígí. Yéwándé rí i tí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Akínladé nu ọṣẹ kúrò lójú láì fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Kò tún sọ ọ̀rọ̀ páànù mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ tí yóò gbé e jáde lọ́sàn-án Sátidé.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni èsì dé láti Kàdúná. Alábẹ̀wò ń bọ̀. Kí onílé múra sílẹ̀ láti fọwọ́ síwèé.

Akínladé gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Simeon, alágbàtà ilé kan tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Simeon ti gbé Ẹnúgù rí, ó sì gbọ́ èdè ibẹ̀ díẹ̀.

"Ṣé alábẹ̀wò yẹn mọ Ezenwa rí ni?" Simeon bi í.

"Kò mọ̀ ọ́n."

"Èwo ló wá le níbẹ̀? Èmi á jókòó, màá jẹ́ Ezenwa títí yóò fi lọ."

Yéwándé gbọ́ ọ nígbà tí ọkọ rẹ̀ délé, ó sì gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀.

"Bàbá Tóyìn, a ò ṣílẹ̀kùn ilé rẹ̀ fún un. Ẹ wá fẹ́ gbé ẹlòmíràn jókòó sí ipò rẹ̀ nínú ilé ọ̀hún?"

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" ohùn Akínladé ga. "Ta ni kí n dá a padà fún? Ṣé mo mọ ọ̀nà ìlú wọn ni? Bí èmi ò bá rà á, ẹlòmíràn á gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kéré tán, tèmi, owó wà níbẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ bó bá wá."

"Ọwọ́ Simeon ni owó náà yóò kọ́kọ́ bọ́ sí."

Akínladé mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Alábẹ̀wò dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó dá. Àbdùlgàfárù lorúkọ rẹ̀, àgbà ọmọ Ìlọrin tó ti pẹ́ ní Kàdúná. Ó kí wọn ní Hausa, ó rí i pé Yorùbá ni wọ́n, ó sì tún kí wọn dáadáa, ó bi wọ́n léèrè ìdílé àti iṣẹ́. Ó fi okùn wọn ògiri, ó wo òrùlé, ó ju òkúta sínú kànga lẹ́yìnkùlé, ó tẹ́tí sí i. Nígbà tó parí, oòrùn ti kàn tàrí, wọ́n sì jókòó sí pálọ̀. Simeon ti wọ kóòtù. Ó dáhùn gbogbo ìbéèrè láì kọsẹ̀: ìgbà tó ra ilẹ̀, ẹni tó bá a mọ ilé, ìdí tó fi fẹ́ tà á. Ó tilẹ̀ mí kanlẹ̀ nígbà tó dárúkọ àwọn ọmọ tó ní òun kó lọ sílé. Akínladé ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Alábẹ̀wò ti ń wá kálàmù nínú àpò nígbà tí bàtà náà dún.

Kò-kò-kò. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé wá. Ó dúró.

"Àgò onílé."

Alábẹ̀wò gbé ojú sókè. "Wọ́n ń kágò," ó wí fún Simeon. "Ọ̀gbẹ́ni Ezenwa, ẹ̀yin ni wọ́n ń bá wí. Ẹ dá wọn lóhùn."

Simeon la ẹnu. Ohùn kò jáde. Òun náà mọ bàtà yẹn, ó ti bá ẹni tó ni ín dúnàádúrà ilẹ̀ rí. Ó di apá àga mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó fẹ́ dojú dé.

"Àgò onílé," ohùn náà tún wí. "Tíṣà, èmi ni."

Yéwándé dìde. Akínladé na ọwọ́ sí i. Ọwọ́ náà dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó kàn án, ṣùgbọ́n kò dì í mú. Yéwándé lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó fa ìdè ilẹ̀kùn, ó sì ṣí i gbalasa.

"Àgò yà, Bàbá Obi," ó wí. "Ẹ wọlé."

Oòrùn kún ẹnu ọ̀nà. Kò sí èèyàn. Ọ̀nà náà ṣófo títí dé ògiri agboolé Àlúfáà. Ṣùgbọ́n ooru kan kọjá lára rẹ̀, irú èyí tó ń bẹ lára ẹni tó ti rìn jìnnà nínú oòrùn, pẹ̀lú òórùn èéfín èédú. Bàtà náà wọ pálọ̀. Ó rìn kọjá láàárín àwọn tó jókòó, kò yára, ó wọ yàrá ẹ̀yìn níbi tí Ezenwa àti ìyàwó rẹ̀ ti ń sùn tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tó bọ́ ẹsẹ̀ kan, tó bọ́ èkejì, bàtà méjì tí wọ́n gbé sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Lẹ́yìn náà, gbogbo ilé dákẹ́.

"Inna lillahi," alábẹ̀wò wí lábẹ́ ètè.

Yéwándé kò ti ilẹ̀kùn. Ó dúró níbẹ̀, ó sì sọ fún alábẹ̀wò pé ẹni tó wọlé yẹn lonílé, pé Simeon ni ẹni tó wọ kóòtù, pé Ezenwa wá lọ́jọ́ ìjà, àwọn sì gbọ́ ọ, àwọn ò ṣílẹ̀kùn. Kò sunkún. Ó sọ ọ́ títí dé òpin.

Àgbà ọkùnrin náà dá kálàmù padà sínú àpò. Ó ká okùn rẹ̀.

"Tíṣà," ó wí, "màá kọ ọ́ fún wọn pé mo dé, mi ò bá onílé. Èyí tí mo gbọ́, mi ò ní kọ ọ́."

Simeon ti jáde kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Alábẹ̀wò dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wo yàrá ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, ó kí i ní Hausa bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó rìnrìn àjò dé, ó sì lọ.

Bàtà náà kò dún mọ́. Kò sí ẹni tó kágò mọ́ lọ́sàn-án. Akínladé rò pé ó tán, ó ní kí wọ́n fara balẹ̀, bóyá nǹkan á tún rí bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Yéwándé ń di ẹrù.

"Ṣé ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà ọ́?" Akínladé bi í.

"Kò bà mí lẹ́rù mọ́. Ó ti délé, Bàbá Tóyìn. Àwa la wà nínú ilé rẹ̀."

Wọ́n háyà yàrá ní Chanchaga, nítòsí odò. Akínladé kó kọ́kọ́rọ́ ilé náà lọ fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n ti ń ṣàkọsílẹ̀ ilé àwọn ọmọ Ìbò tó ti lọ. Kò tún kọ̀wé sí Kàdúná. Ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wá jìn fún un, ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ láàárọ̀, ọ̀rọ̀ sì dín kù lẹ́nu rẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Lóṣù díẹ̀ sí i, ogun bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà kò sì lọ sí ìlà oòrùn mọ́.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, pásítọ̀ ní kí ẹni tó bá ní ẹni tó fẹ́ kí ìjọ gbàdúrà fún dárúkọ rẹ̀. Ẹnì kan dárúkọ ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ẹlòmíràn dárúkọ ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Yéwándé dìde.

"Ọ̀gbẹ́ni Ezenwa, gáàdì rélùwéè," ó wí.

Àwọn èèyàn yíjú wò ó. Láti ìgbà ìjà náà, ẹnì kankan kò tíì dárúkọ ọmọ Ìbò kankan níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjókòó odidi apá kan ti ṣófo láàárín àwọn akọrin.

"Ṣé ó ti kú ni, àbí ó wà láàyè?" pásítọ̀ béèrè jẹ́jẹ́.

"A ò mọ̀, sà."

"Kí lorúkọ rẹ̀ gan-an, ká lè fi gbàdúrà?"

Yéwándé kò mọ̀ ọ́n. Bàbá Obi ló máa ń pè é. Nígbà náà ni Akínladé dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ẹ̀yìn àga iwájú mú.

"Bẹ́nédíìkì ni," ó wí. "Ó fẹ́ máa lọ. Èmi ni mo ní kó dúró dè mí."

Ó jókòó. Pásítọ̀ ti pa ojú dé nígbà tí ìyá arúgbó kan dìde lẹ́yìn, ó dárúkọ obìnrin tí wọ́n jọ ń tajà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọkùnrin kan dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ télọ̀. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn akọrin dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọrin. Orúkọ ń jáde láti ibi kan dé ibòmíràn nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, pásítọ̀ dúró tòun ti ojú dídì, kò sì tètè ṣe Àmín.